Iṣẹ́ Méjì, Iṣẹ́ Mẹ́ta, Ìsinmi Mélòó? Ìtàn Àbọ̀ṣẹ́ Láàárín Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún sọ pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, a kì í sì í sábà bi ara wa léèrè bí wọ́n ṣe lè jẹ́ òótọ́ papọ̀. Ọ̀kan ń sọ pé kí ènìyàn má fi gbogbo ọkàn lé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èkejì ń kìlọ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Lóde òní tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń ṣe iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, nítorí pé owó iṣẹ́ kan kò tó gbọ́ bùkátà, ó tọ́ kí a yẹ ìtàn wò, kí a mọ bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ṣe é, kí a sì mọ ibi tí wọ́n fi ìsinmi sí.

Ohun tí a ó rí nínú ìtàn náà ni pé iṣẹ́ púpọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Láyé àtijọ́, ètò ìlú àti ojú ọjọ́ ni ó ń fún ènìyàn ní ìsinmi, kò sí ẹni tí ń tọrọ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ olóṣù dé, ìsinmi di ohun tí a ń tọrọ, tí a ń jà fún, tí a sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀.

KÍ AGOGO TÓ DÉ

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn baba ńlá wa, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn kò wọ́pọ̀. Ẹni tí ó kọ ebè ní àkókò òjò, òun náà ni ó ń hun aṣọ, tàbí tí ó ń gbẹ́ igi, tàbí tí ó ń mọ ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú ọjọ́ ni ó pín iṣẹ́ fún wọn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, oko ni gbogbo ọwọ́ wà. Bí ọyẹ́ bá dé ní ìparí ọdún, tí ilẹ̀ le, tí ọkọ́ kò rí nǹkan púpọ̀ ṣe mọ́, ìgbà náà ni wọ́n ń tún òrùlé ṣe, tí wọ́n ń gbéyàwó, tí wọ́n sì ń jókòó sí ìdí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Iṣẹ́ méjì ni, ṣùgbọ́n àkókò wọn kò forí gbárí.

Ní Ìṣẹ́yìn àti ní Ìlọrin, tí iṣẹ́ òfì ti gbilẹ̀, a rí àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé àwa Mùsùlùmí. Àáfà tí ó ń kọ́ ọmọ ní kéú ní òwúrọ̀ lè wà ní ìdí òfì tí ó bá di ọ̀sán, nítorí kò sí ẹni tí ń san owó oṣù fún un. Sàráà, owó alárùbá tí àwọn òbí ń fi rán ọmọ wọn ní ọjọ́rú, àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń kó pọ̀ láti fi bọ́ ilé. Ilé kéú náà sì ní ìsinmi tirẹ̀. Bí alárùbá bá ti kọjá, ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ jẹ́ ti ọmọ kéú láti sinmi, kí ó fọ aṣọ, kí ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí ó sì bá òbí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń padà sí ìdí wàláà. Kò sí ẹni tí ó ń kọ ìwé láti gba àyè. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

Àwọn ìyá wa ni ó mọ ètò yìí jù. Ìyá tí ó ń pa aró lè máa ta oúnjẹ, kí ó sì tún máa tọ́jú ọmọ. Aró kì í yá bọ̀rọ̀. Ìkòkò rẹ̀ ń fẹ́ ọjọ́ mélòó kan kí ó tó ṣe é lò, ìyá aláró sì ń fi àwọn ọjọ́ náà ṣe nǹkan mìíràn. Ọjọ́ ọjà ni ó fi ń ka ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá àtijọ́, nítorí pé a ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ni a ṣe ń pè é ní ọrún. Ọjà mìíràn ń ná lọ́rọọrún, òmíràn ń ná ní ìsán-ìsán. Ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí ọjà yóò ná mọ ìgbà tí ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe tán, ó sì mọ ọjọ́ tí ara lè tù ú díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbọ̀ṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ẹ rántí ìwọ̀fà, ẹni tí ó fi iṣẹ́ ara rẹ̀ san èlé owó tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yá. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwọ̀fà a ṣe iye ebè tí ó jẹ́ ti olówó rẹ̀ ní òwúrọ̀, a sì fi ìyókù ọjọ́ sí oko tirẹ̀. Ọ̀gá méjì ni ó ń sìn: olówó rẹ̀ àti ebi ilé rẹ̀. Èyí fi hàn wá pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ méjì ni ó wá láti inú akínkanjú. Òmíràn wá láti inú gbèsè. Ìyàtọ̀ náà ṣì wà títí di òní, ó sì yẹ kí olúkúlùkù mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́.

Àwọn baba wa tún ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gba ara wọn lọ́wọ́ iṣẹ́ àpọ̀jù. Nínú ààrò, àwọn ẹgbẹ́ á kó ara wọn jọ, wọn á ro oko ẹni kan lónìí, wọn á ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kan gbogbo wọn. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ á bẹ ẹbí àti ọ̀rẹ́, á sì fi oúnjẹ ṣe wọ́n lálejò. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, tàbí tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, oko rẹ̀ kì í kún fún koríko kí ó tó dìde. Ìyẹn ni ìsinmi tí a ń sanwó rẹ̀ nígbà náà. Owó rẹ̀ ni pé ìwọ náà yóò ṣe ti ẹlòmíràn.

AGOGO DÉ, OWÓ OṢÙ DÉ

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, tí iṣẹ́ ìjọba sì ń pọ̀ sí i, ètò mìíràn wọlé. Wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹni tí ó wọ iṣẹ́ rélùwéè tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì kò lè wo ojú ọjọ́ mọ́. Agogo ni yóò máa wò. Ọjọ́ Àìkú di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo òṣìṣẹ́, yálà ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kò lọ. Jímọ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn. Mùsùlùmí tí ó jẹ́ akọ̀wé tàbí lébìrà ní láti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kí ó tó lè bá wọn kírun Jímọ̀.

Níbí, ẹ jẹ́ kí a tọ́ka sí ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ kan kò tíì rò. Ẹ̀sìn wa kò sọ Jímọ̀ di ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ rárá. Súrà Jímọ̀ kọ́ wa pé kí a pa òwò tì nígbà tí wọ́n bá pe ìrun, ó sì gbà wá láyè láti padà sẹ́nu òwò bí ìrun bá ti parí. Nítorí náà, wákàtí bíi mélòó kan ni òṣìṣẹ́ Mùsùlùmí ń tọrọ. Síbẹ̀, wákàtí díẹ̀ yìí ṣòro láti rí gbà níbi tí agogo ti jẹ́ ọba.

Àwọn òṣìṣẹ́ Èkó kò pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé àkókò jẹ́ nǹkan tí ó ṣe é jà fún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba ní Èkó da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé Gómìnà Henry McCallum fẹ́ yí àkókò iṣẹ́ àti owó wọn padà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ ni ó bí wọn nínú. Ẹni tí a bá yí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ padà, a ti yí gbogbo ilé rẹ̀ padà.

ÌJÀ FÚN OWÓ, ÌJÀ FÚN ÌSINMI

Ogun Àgbáyé Kejì sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbò tí ó ju oṣù kan lọ, Michael Imoudu ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú wọn. Owó ọ̀wọ́n-gógó ni wọ́n ń bèèrè. Ní gbogbo àkókò yẹn, owó oṣù kò sí. Kí ni wọ́n ń jẹ? Òwò àwọn ìyàwó wọn lọ́jà, ìṣù tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti oko, àti iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ṣàì ran ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́. Bí ọ̀nà kan bá dí, òmíràn a ṣí. Ibí yìí ni òwe àkọ́kọ́ ti jẹ́ òótọ́.

Ní ti ìsinmi ọdọọdún, ní 1936 ni àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ní Geneva ṣe àdéhùn pé kí òṣìṣẹ́ máa gba ìsinmi tí ó tó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lọ́dún, kí owó rẹ̀ má sì dín. Ní 1970, àjọ náà sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú àdéhùn tuntun. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba ológun ṣe ní 1974, mú ọjọ́ mẹ́fà náà: òṣìṣẹ́ tí ó bá ti ṣe oṣù méjìlá lẹ́nu iṣẹ́ kan lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán pẹ̀lú owó kíkún. Òfin náà sọ pé láàárín ọjọ́ méje, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìsinmi. Ó sì fi òfin de agbanisíṣẹ́ pé kò gbọ́dọ̀ fi owó ra lííìfù mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí kókó ìkẹyìn yìí. Kí ló dé tí òfin kò fi gbà kí a ta ìsinmi? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí owó ń pọ́n lójú yóò tà á nígbà gbogbo. Yóò ta ti ọdún yìí, yóò ta ti ọdún tí ń bọ̀, ara yóò sì gbowó rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí a kò retí.

NÍGBÀ TÍ SAP DÉ

Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí ó di 1987, dọ́là kan ti di nǹkan bí náírà mẹ́rin. Owó oṣù tí ó kéré jù lábẹ́ òfin, ₦125 tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1981, kò lè ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n gbé ayé ìgbà náà kò ní gbàgbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ní mọ́tò fi ń ṣe kábúkábú tí ó bá ti ọ́fíìsì dé. Tíṣà ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìnnì ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń ta ọjà fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń ṣe iṣẹ́ òru ní ibì kan, iṣẹ́ ọ̀sán ní ibòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ gun ọ̀kadà.

Òfin kò dákẹ́ lórí èyí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ nínú àfikún rẹ̀ karùn-ún pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kíkún kò gbọ́dọ̀ máa darí òwò tàbí iṣẹ́ aládàáni mìíràn. Ohun kan ṣoṣo ni ó yọ sílẹ̀: iṣẹ́ oko. Ẹ wo bí ìtàn ṣe yí ká. Iṣẹ́ tí àwọn baba wa fi ṣe ìpìlẹ̀ ni òfin òde òní ṣì gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa ṣe mọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ìsinmi ní àkókò SAP àti lẹ́yìn rẹ̀? Ó di àkókò fún iṣẹ́ kejì. Ẹni tí ó gba lííìfù lẹ́nu iṣẹ́ kan, ibi iṣẹ́ kejì ni ó lọ lò ó. Bàbá ń wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn, ó ń jáde kí ọmọ tó jí. Ìyá ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, ó ń se oúnjẹ, ó sì ń tajà níwájú ilé títí di òru. Nígbà àtijọ́, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gba ipò òjò. Nísinsin yìí, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Owó oṣù tí ó kéré jù ti gòkè lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà wá: ó di ₦18,000 ní 2011, ₦30,000 ní 2019, àti ₦70,000 ní 2024. Iye náà ń pọ̀, ṣùgbọ́n owó ọjà kò dúró dè é, ìdí nìyí tí iṣẹ́ kejì kò fi kúrò nílẹ̀.

LẸ́YÌN ODÒ

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa gba òkè òkun lọ, àbọ̀ṣẹ́ sì bá wọn débẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó ń tún ọ́fíìsì ṣe ní ìdájí lè máa tọ́jú àwọn arúgbó ní ọ̀sán, kí ó sì máa ṣọ́ ilé ìtajà ní òru. Àǹfààní kan tí ó wà níbẹ̀ ni pé òfin ti wà fún iṣẹ́ aláàbọ̀ pàápàá. Láti 1998 ni òfin àkókò iṣẹ́ ti wà ní Bìrìtéènì, láti 2009 sì ni ìsinmi olówó ti di ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ọjọ́ 28. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní ibì kan ní ọjọ́ 16.8 níbẹ̀, bí ó bá tún ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì ní ibòmíràn, ó ní ọjọ́ 11.2 níbẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28 kan náà.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé ọ̀gá méjì ni, ìwé méjì ni. Bí ọ̀gá kan bá yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù, tí èkejì sì yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni náà ti lo ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ méjèèjì, kò sì ní ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi sinmi pátápátá. Bí ibi iṣẹ́ kò bá ní ètò mìíràn, òfin sọ pé kí òṣìṣẹ́ fi ìlọ́po méjì iye ọjọ́ tí ó fẹ́ gbà ṣáájú láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ọjọ́ 14 yóò sọ ní ọjọ́ 28 ṣáájú. Ẹni tí ó ní ọ̀gá méjì gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn méjèèjì kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó lọ láti òkèèrè tún ní ìkìlọ̀ tiwọn: wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú gba ọ̀pọ̀ nínú wọn láyè ní àkókò ẹ̀kọ́ jẹ́ ti gbogbo iṣẹ́ pọ̀. Kì í ṣe 20 fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó sọ ìsinmi olówó di dandan níbẹ̀. Òfin owó iṣẹ́ ti 1938 mú kí wákàtí tí ó bá ju 40 lọ lọ́sẹ̀ gba àfikún owó fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan náà ni a ti ń kà á. Ẹni tí ó ṣe wákàtí 30 níbí àti 30 lọ́hùn-ún, tí àwọn ọ̀gá méjèèjì kò bá ara wọn tan, ti ṣe 60, kò sì ní gba àfikún kankan.

OHUN TÍ ÌTÀN KỌ́ WA

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò ní sọ fún yín pé kí ẹ fi iṣẹ́ kejì sílẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú bùkátà ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn fún. Ohun tí ìtàn kọ́ wa ni pé àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ púpọ̀ tí wọn kò sì pòfo ní ohun mẹ́ta tí wọ́n dì mú.

Èkíní, wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ méjì forí gbárí. Kí ẹni tí ó ní iṣẹ́ mẹ́ta kọ wákàtí gbogbo wọn sí ojú ìwé kan ṣoṣo, kí ó fi ìrìn ojú ọ̀nà kún un. Iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń tán lórí ọkọ̀, tí ó sì ń gba oorun, kí ó tún un rò.

Èkejì, ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, kí wọ́n tó mọ ọjọ́ iṣẹ́. Bí ìyá aláró ṣe mọ ọjọ́ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kí a mọ ọ̀sẹ̀ tí a ó sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí a sì mú lííìfù gbogbo iṣẹ́ wá sí ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọdún Iléyá kọ́ wa ní èyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orúkọ rẹ̀ ń sọ fún wa pé àkókò tó láti lọ sí ilé. Bí ó ti ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, tí ó sì jẹ́ pé oṣù ni a ń wò, kí ẹni tí ó wà níbi tí kò ti sí ọlidé fún un tètè sọ fún ọ̀gá rẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ kan kún un níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tí kò ní ọ̀gá, bí ọlọ́jà, télọ̀ àti awakọ̀, kò ní ẹni tí yóò fún un ní lííìfù. Kí ó máa fi díẹ̀ sínú àjọ lóṣooṣù, kí owó ilé má baà dá ọ̀sẹ̀ ìsinmi dúró.

Ẹ̀kẹta, wọn kò dá nìkan ṣe é. Ààrò ti àwọn baba wa lè padà wá sí àdúgbò àti mọ́ṣáláṣí wa. Kí ìdílé méjì máa gba ọmọ ara wọn tọ́jú. Kí ọ̀rẹ́ gba iṣẹ́ òru fún ọ̀rẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí òun náà mọ̀ pé ti òun ń bọ̀.

Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ nípa àwọn sàábé méjì, Salman àti Abu Darda. Salman lọ kí Abu Darda, ó rí i pé ó ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń kírun ní gbogbo òru, kò sì ráyè ti aya rẹ̀. Salman mú kí ó jẹun, ó mú kí ó sùn, ó sì ṣàlàyé fún un pé Ọlọ́hun ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó ní òótọ́ ni Salman sọ. Bí ìjọsìn pàápàá kò bá gbọdọ̀ jẹ ẹ̀tọ́ ara àti ti ará ilé run, kí ni a ó wá sọ nípa iṣẹ́ owó?

Nítorí náà, òwe àwọn àgbà méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì péré ni ènìyàn ní láti fi rìn ín. Kí Ọlọ́hun fi alubáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó sì jẹ́ kí a ní ara líle àti ẹbí tí a ó jọ jẹ èrè rẹ̀. Àmín.